Mo fẹ́ yọ irin etí háńdù ọ̀kadà mi: kí ni màá jèrè, kí ni màá pàdánù?

Ọmọ_Ìlawẹ́

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará wa. Ọ̀rọ̀ yìí kéré lójú, ṣùgbọ́n ó ti ń dà mí láàmú láti bí oṣù mẹ́ta. Ọ̀kadà 150 ni mò ń gùn, sílíńdà kan. Láràárọ̀ ni mo máa ń ti Adó gba Ìlawẹ́ lọ síbi iṣẹ́ ní Ìgbàrà-Odò, mo sì ń padà nírọ̀lẹ́. Inú ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni mo ń tì í sí lálẹ́, torí wọ́n ti jí ti aládùúgbò mi kan gbé lójúde.

Géètì onírin tó wà lẹ́nu ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa ni wàhálà. Mo fi tépù wọ̀n ọ́n, sẹ̀ǹtímítà 76 ni ẹnu rẹ̀. Háńdù mi láti etí kan dé èkejì jẹ́ 78. Irin róbótó tó wà létí háńdù lápá ọ̀tún àti òsì, ọ̀kọ̀ọ̀kan yọ síta ní sẹ̀ǹtímítà méjì ààbọ̀. Tí mo bá yọ méjèèjì, háńdù di 73, màá sì wọlé wọ́ọ́rọ́wọ́. Báyìí, mo ní láti yí háńdù sọ́tùn-ún, kí n ti etí kan wọlé ná, kí n wá yí i sósì kí ìkejì tó lè kọjá. Ọ̀dà ara géètì ti bó lápá méjèèjì, níbi kan náà gan-an, ìpẹtà ti bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀.

Ẹnì kan tó ń tún ọ̀kadà ṣe ládùúgbò wa ní kí n yọ wọ́n dànù, pé fáárí lásán ni. Ṣé lóòótọ́ ni? Mi ò fẹ́ yọ ohun tí màá tún máa wá kiri.

Mẹkáníìkì_Ìkéré

Àbúrò, kú iṣẹ́. Irin yẹn kì í ṣe fáárí. Ẹ́ńjìnnì sílíńdà kan kò lè ṣe kó má gbọ̀n, torí písítìn kan ṣoṣo ló ń lọ sókè sódò, kò sí ìkejì tó máa dá a lọ́wọ́ kọ́. Ìgbọ̀n yẹn á gba férémù, á gba háńdù, ọwọ́ rẹ ló máa parí sí. Páìpù tó ṣófo sì ni háńdù. Àárín ni wọ́n ti dè é mọ́lẹ̀, etí rẹ̀ méjèèjì wà lófuurufú. Etí yẹn ló ń jó jù, ibẹ̀ náà lo sì gbé ọwọ́ lé. Ohun tó wúwo tí wọ́n so mọ́ ọn ni kì í jẹ́ kó ráyè jó.

Ó tún níṣẹ́ mìíràn. Bí ọ̀kadà bá ṣubú, irin yẹn ló máa kọ́kọ́ kanlẹ̀. Mo ti rí èyí tí wọ́n ti yọ tiẹ̀: ó ṣubú wẹ́rẹ́ níbi tí wọ́n gbé e dúró sí, kò tilẹ̀ rìn, ọwọ́ bíréèkì ṣẹ́ sí méjì, ilẹ̀ sì ti rọ́bà ọwọ́ ọ̀tún wọnú títí tó fi há mọ́ ibi tí okùn iná (èyí tí a fi ń mú kí ẹ́ńjìnnì sáré) ń gbà wọlé. Nígbà tí olówó rẹ̀ fi ẹsẹ̀ ta á kó lè ṣiṣẹ́, ẹ́ńjìnnì ké sókè, kò sì wálẹ̀ mọ́. Ọlọ́run ló yọ ọ́ pé fúrì ló wà, kò tíì fi sí jíà.

Tí o bá máa yọ ọ́, yọ ọ́ nídìí tó dára, kó o sì mọ ohun tó o máa fi rọ́pò rẹ̀. Má kàn fi ẹnu páìpù sílẹ̀ gbayawu.

Ọlọ́kadà_Ìjerò

Ẹ̀gbọ́n Ìkéré, mo bọ̀wọ̀ fún yín, ṣùgbọ́n ó tó ọdún mẹ́rin tí mo ti yọ tèmi, kò sí nǹkan kan tó ṣe mí. Ọ̀kadà 100 ni. Èrò ni mo ń gbé láàárín ìgboro Ìjerò, láti ọjà dé ọ̀nà Ìpótì, àárọ̀ dalẹ́. Ọwọ́ mi ò kú rí. Nígbà tí irin yẹn wà níbẹ̀, ara mọ́tò ló máa ń há sí lọ́jọ́ ọjà, mo sì ti fi ha mọ́tò olówó lára rí, ẹjọ́ ọjọ́ yẹn kò kéré. Ní tèmi, kó yọ ọ́.

Tísà_Ìkọ̀lé

Ẹ̀yin méjèèjì lẹ jàre, ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí rẹ̀. Físíìsì ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ, ọ̀rọ̀ yìí sì wà lára ohun tí mo fẹ́ràn jù láti fi hàn wọ́n.

Ẹ mú rúlà onírin, ẹ tẹ ìdajì rẹ̀ mọ́ orí tábìlì, ẹ fi ìka ta ìdajì tó yọ síta. Á dún rìììì. Ẹ wá bu uyán bíńtín lẹ̀ mọ́ orí rẹ̀, kẹ́ ẹ tún un ta. Mímì rẹ̀ á lọ́ra, ohùn rẹ̀ á sì wálẹ̀. Iṣẹ́ irin etí háńdù nìyẹn gan-an. Ohunkóhun tó bá lè mì ló ní iye ìgbà tó wù ú láti máa mì ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ẹ di ẹrù lé e, iye yẹn á wálẹ̀. Bí ẹrù tó ń mì bá di ìlọ́po mẹ́rin, iye ìgbà tó ń mì á di ìdajì.

Ẹ wá wo ẹ́ńjìnnì. Tó bá ń yí ìgbà 6,000 ní ìṣẹ́jú kan, ó ń ta háńdù nígbà 100 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Tó bá jẹ́ 4,500, ó di ìgbà 75. Níbi tí iye tí ẹ́ńjìnnì ń ta bá ti ṣe rẹ́gí pẹ̀lú iye tó wu háńdù, ibẹ̀ ni jíjó tó ń pani lọ́wọ́ ti ń bẹ̀rẹ̀. Ó dà bí ìgbà tí èèyàn ń ti ọmọ lórí jangirọ́fà: ẹ kò ní láti lo agbára, tí ẹ bá ṣáà ti ń tì í lásìkò tó yẹ, á máa ròkè sí i ni. Àwọn tó ṣe ọ̀kadà náà mọ irú ìyára tí àwa èèyàn máa ń dúró lé, wọ́n wá fi irin yẹn gbé ibi ìjó náà sísàlẹ̀, kó bọ́ sí ìyára tí a máa ń kọjá lẹ́ẹ̀kan. Ẹ yọ irin kúrò, ibi ìjó náà á gòkè. Bẹ́ẹ̀ agbára tí písítìn fi ń gbọn ẹ́ńjìnnì ń pọ̀ lọ́nà tó le: bí ìyípo bá di ìlọ́po méjì, agbára á di ìlọ́po mẹ́rin.

Nítorí náà, arákùnrin wa ní Ìjerò tó ń rìn díẹ̀díẹ̀ nígboro lè má dé ibi tí háńdù rẹ̀ ti ń jó títí ọdún á fi yípo. Ẹni tó ń fi jíà kẹrin tàbí karùn-ún sáré lọ́nà Ìlawẹ́ máa bá a pàdé, ọ̀nà yẹn tààrà ni yóò sì fi máa bá a rìn.

Ọ̀dọ́_Ọ̀yẹ́

Ẹ ṣé gan-an, Tísà. Àwọn ọ̀rẹ́ mi ní yunifásítì níbí máa ń sọ pé tí wọ́n bá yọ ọ́, háńdù á fúyẹ́, ọ̀kadà á sì yá sí i nínú kọ́ńà. Ṣé òótọ́ ni?

Tísà_Ìkọ̀lé

Ọmọ mi, ó fúyẹ́ díẹ̀ lóòótọ́, torí òpin háńdù ni ẹrù náà wà, ohun tó bá sì jìnnà sí àárín ló ń ṣòro yí jù. Ṣùgbọ́n tó o bá yí háńdù, táyà iwájú, rímù àti fọ́ọ̀kì méjèèjì lò ń yí pẹ̀lú rẹ̀. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyẹn, irin méjì yẹn kò tó nǹkan. Ohun tó o máa mọ̀ lára ni pé bí táyà bá kọ lu kòtò, háńdù tó fúyẹ́ á fò lọ́wọ́ rẹ yára ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ọ̀nà wa sì rèé, kòtò ló kún un.

Nọ́ọ̀sì_Ìdó

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n dá sí i, torí mo ń rí àwọn ọlọ́kadà níbi iṣẹ́ mi. Wọ́n á ní ọwọ́ ń kú, pé bí èèrà ṣe ń rìn lára ló ń ṣe wọ́n, àwọn mìíràn kò lè di bọ́tìnnì. Èyí tó bá lọ láàárín wákàtí kan lẹ́yìn tẹ́ ẹ bọ́ sílẹ̀ kò le púpọ̀. Èyí tó bá ń jí yín lóru, tàbí tí ìka ń funfun tó sì ń tutù bíi yìnyín nígbà ọyẹ́, ẹ má fọwọ́ yẹpẹrẹ mú un. Ẹ wo àtẹ́lẹwọ́ àti abẹ́ èékánná, ibẹ̀ ni fífunfun yẹn ti ń hàn lára aláwọ̀ dúdú.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe tuntun. Lọ́dún 1918, dókítà obìnrin kan ní Amẹ́ríkà, Alice Hamilton, lọ yẹ àwọn agbẹ́kùúta wò ní ìlú Bedford, ìpínlẹ̀ Indiana. Òòlù tó ń fi atẹ́gùn gbọ̀n ni wọ́n fi ń gbẹ́ òkúta, ìka wọn sì ń funfun nígbà òtútù. Ní Yúróòpù, òfin tí wọ́n ṣe lọ́dún 2002 sọ pé tí ìgbọ̀n tó ń dé ọwọ́ òṣìṣẹ́ bá ti tó 2.5 m/s² (bí wọ́n ṣe ń wọn líle ìgbọ̀n nìyẹn) fún wákàtí mẹ́jọ, agbanisíṣẹ́ gbọ́dọ̀ wá nǹkan ṣe sí i, kò sì gbọ́dọ̀ kọjá 5. Ta ló ń bá ọlọ́kadà Èkìtì wọ̀n ọ́n? Ẹ̀yin fúnra yín lẹ máa ṣọ́ ara yín.

Ẹ má sì di háńdù mú bí ẹni di ọwọ́ olè mú. Bí ẹ bá ṣe fún un tó ni ìgbọ̀n ṣe ń wọlé tó.

Ìyá_Kòkó_Ìsẹ̀

Èmi náà ń gun ọ̀kadà, oko kòkó wa ni mò ń gbé e lọ. Ohun tí ẹ̀gbọ́n Ìkéré sọ nípa ẹnu páìpù gbayawu ni mo fẹ́ tẹ̀ mọ́lẹ̀. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi yọ irin tiẹ̀, rọ́bà ọwọ́ náà sì ti ya lójú, ẹnu páìpù ń wo òde. Ó ṣubú lórí ẹrẹ̀, kò sáré rárá, háńdù yí padà, ẹnu páìpù wọ ọ́ nítan. Ojú ọgbẹ́ náà rí róbótó bí ìgbà tí èèyàn fi ẹnu ife gé ìyẹ̀fun pípò. Mo rí i, mo fi aṣọ orí mi dì í. Ó yè é, ṣùgbọ́n àpá yẹn ṣì wà níbẹ̀.

Òjò tún máa ń wọ inú páìpù náà, á sì dípẹtà láti inú. Agbọ́n ti fi amọ̀ kọ́lé sínú ti ẹnì kan lọ́nà oko wa.

Mẹkáníìkì_Ìkéré

Ìyá, ẹ kú ewu ọmọ yẹn. Ìdí rẹ̀ nìyẹn tí àjọ tó ń darí ìdíje alùpùpù lágbàáyé, FIM, fi sọ ọ́ dòfin pé wọ́n gbọ́dọ̀ fi ohun tó le dí ẹnu háńdù tàbí kí rọ́bà bò ó. Àwọn tó ń sáré fún owó kò gbọ́dọ̀ fi í sílẹ̀ gbayawu, àwa tí à ń lọ sóko ńkọ́?

Ọmọ_Ìlawẹ́

Mo ti ka gbogbo ẹ̀, ẹ ṣeun. Mo pinnu láti dán an wò fún ọ̀sẹ̀ kan, pẹ̀lú ìdérí rọ́bà lẹ́nu páìpù. Apá ọ̀tún ti jáde. Apá òsì kò gbọ́, ojú bóòtù ti fẹ́ bó. Ẹ̀gbọ́n, báwo ni kí n ṣe é?

Mẹkáníìkì_Ìkéré

Dúró, má yí i mọ́! Tí ojú ẹ̀ bá bó tán, dírílì ló kù. Gúlúù ni wọ́n fi sínú bóòtù yẹn nílé iṣẹ́, iná ló ń rọ̀ ọ́. Má lo iná gáàsì, rọ́bà ọwọ́ rẹ á jóná. Mú àyóọ̀nù tí àwọn oníréédíò fi ń jó òjé, gbé ẹnu rẹ̀ lé orí bóòtù fún bí ìṣẹ́jú mẹ́ta. Kó o wá fi sukudíráfà tó bá ojú ẹ̀ mu rẹ́gí, fi òòlù gbá ìdí sukudíráfà náà lẹ́ẹ̀mejì mẹ́ta, kó o sì yí i nígbà tó ṣì gbóná. Tó bá jẹ́ pé gbogbo ẹ̀ ló ń yí lọ yí bọ̀ tí kò jáde, rọ́bà tó wà nínú ló ń yí. Fa irin náà síta bó o ṣe ń yí i, kí rọ́bà lè gbá ara páìpù mú.

Ọmọ_Ìlawẹ́

Ó jáde! Ìṣẹ́jú mẹ́rin ni mo fi àyóọ̀nù lé e, ó ké “kẹ́ẹ̀” lẹ́ẹ̀kan, ó sì tú. Mo gbé méjèèjì lọ sórí sìkéèlì ìyá ẹlẹ́ja tútù lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa: gíráàmù 340, ìyẹn 170 lọ́kọ̀ọ̀kan. Kékeré ni lójú, ṣùgbọ́n ó wúwo lọ́wọ́.

Lálẹ́ àná, mo wọlé láìkan géètì. Inú mi dùn.

Ọmọ_Ìlawẹ́ (lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan)

Ẹ káàárọ̀. Àbọ̀ rèé, bó ṣe rí gan-an.

Ní ìyára 40 (kìlómítà ní wákàtí kan), kò sí ìyàtọ̀, ọ̀rọ̀ Ọlọ́kadà_Ìjerò jẹ́ òótọ́. Láti 60 dé 70 ni nǹkan yí padà. Nínú díńgí, mọ́tò kan tó wà lẹ́yìn mi di méjì, mi ò lè ka nọ́ńbà rẹ̀. Ìyára yẹn gan-an ni mo sì máa ń dúró lé tí mo bá ti kúrò ní Ìlawẹ́. Lọ́jọ́ kejì, mo dé Ìgbàrà-Odò, mo fẹ́ fi kọ́kọ́rọ́ ṣí ọ́fíìsì, ìka mi méjì tó kéré kò mọ̀ pé àwọn di nǹkan mú. Kọ́kọ́rọ́ náà jábọ́ lẹ́ẹ̀mejì.

Mo dá irin padà lọ́jọ́ Ẹtì láti wò ó. Ìjó yẹn ṣì wà o, ṣùgbọ́n ní 45 sí 50 ló wà, kò le, mo sì ń kọjá níbẹ̀ kí n tó mọ̀. Tísà, bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ lẹ ṣe wí. Mo ti ń gùn ún láti ọjọ́ yìí, mi ò kíyè sí i rí.

Nítorí náà mo ń fẹ́ ẹrù náà, àmọ́ mi ò fẹ́ gígùn rẹ̀. Ṣé ọ̀nà wà?

Ọ̀dọ́_Ọ̀yẹ́

Ẹ̀gbọ́n, ẹ yọ òjé inú bátìrì tó ti kú, kẹ́ ẹ yọ́ ọ, kẹ́ ẹ dà á sínú páìpù. Òjé wúwo ju irin lọ.

Nọ́ọ̀sì_Ìdó

Àbúrò mi, mo bẹ̀ ọ́ pẹ̀lú ọlá ìyá rẹ, má ṣe bẹ́ẹ̀, má sì kọ́ ẹnikẹ́ni. Májèlé ni òjé. Lọ́dún 2010, ní Zamfara, òkúta tó ní òjé nínú ni àwọn èèyàn ń lọ̀ nínú àgbàlá nítorí wúrà, eruku rẹ̀ sì pa ọmọdé tó lé ní 400. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí arákùnrin yìí ń gbé ọ̀kadà wọ̀ lè jẹ́ ibi tí ọmọdé ti ń ràkòrò. Ẹ wá nǹkan mìíràn.

Mẹkáníìkì_Ìkéré

Nọ́ọ̀sì ti parí ọ̀rọ̀. Írọ̀ọ̀dù ìkọ́lé ni kó o lò, nọ́ńbà 16, ìyẹn oní mìlímítà 16. Ọ̀pọ̀ háńdù jẹ́ mìlímítà 22 láti ìta, inú rẹ̀ á máa lọ sí bíi 18, nítorí náà 16 á wọ̀. Kọ́kọ́ wọn ti inú tìrẹ ná. Gé e ní sẹ̀ǹtímítà 15, méjì. Fi fáìlì ra àwọn eyín ara rẹ̀ wálẹ̀. Fi rọ́bà túùbù kẹ̀kẹ́ wé e kan ṣoṣo, fà á kó le, kó má bàa máa dún kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀ nínú páìpù. Sọ fún wẹ́dà kó jó nọ́ọ̀tù mọ́ orí rẹ̀, kó o fi rọ́bà tó nípọn síwájú nọ́ọ̀tù, kó o wá fi bóòtù àti ìdérí pẹlẹbẹ fún un. Bó o bá ṣe ń fún bóòtù ni rọ́bà á ṣe máa wú, á sì gbá páìpù mú.

Kó o tó ṣe ìyẹn, wo bóòtù tó de ẹ́ńjìnnì mọ́ férémù, gbogbo wọn. Wo ṣéènì, wo kóònù ọrùn, níbi tí háńdù ti ń yí. Èèyàn máa ń di ẹ̀bi ru háńdù nígbà tó jẹ́ pé ẹ́ńjìnnì ló tú.

Tísà_Ìkọ̀lé

Írọ̀ọ̀dù 16 jẹ́ kílò 1.58 ní mítà kan, sẹ̀ǹtímítà 15 á sún mọ́ gíráàmù 237. Ó ju 170 lọ, ó sì yẹ kó jù ú, torí inú ló wọ̀, kò sí létí pátápátá mọ́. Ẹrù tó súnmọ́ àárín kì í ṣiṣẹ́ tó ti etí.

Ọmọ_Ìlawẹ́ (lẹ́yìn ọjọ́ mọ́kànlá)

Ẹ̀gbọ́n Ìkéré, Ọlọ́run á máa tì yín lẹ́yìn. Bóòtù ẹ́ńjìnnì kan lápá ìsàlẹ̀ lẹ́yìn ti tú, mo fi ọwọ́ lásán yí i! Mo fún un, ìdá kan nínú ìgbọ̀n náà lọ kí n tó fi ohunkóhun sínú háńdù.

Lẹ́yìn náà ni mo ṣe írọ̀ọ̀dù yẹn. Mo gbé ọ̀kan sórí sìkéèlì ìyá ẹlẹ́ja, 235 ló fi hàn, eyín tí mo fi fáìlì ra wálẹ̀ ló jẹ ìyókù. Ìdérí pẹlẹbẹ náà nípọn ní mìlímítà mẹ́ta, gbogbo háńdù wá jẹ́ 73.6. Ní géètì, ó ku sẹ̀ǹtímítà kan àti díẹ̀ lọ́tùn-ún, bẹ́ẹ̀ náà lósì.

Lójú ọ̀nà, ìjó náà wà ní 50 sí 55 báyìí. Kò sísàlẹ̀ tó ti irin àtijọ́, ṣùgbọ́n ní 65 mo ń ka nọ́ńbà mọ́tò nínú díńgí, ìka mi sì pé nígbà tí mo dé Ìgbàrà-Odò. Ohun tí mo pàdánù ni ààbò tó ń kanlẹ̀ ṣíwájú ọwọ́ bíréèkì. Mo mọ̀ pé bí ó bá ṣubú, ọwọ́ bíréèkì ló máa gbà á. Mo ti ra ọ̀kan sílẹ̀ sínú àpótí.

Ọlọ́kadà_Ìjerò

Ẹ̀gbọ́n, mo ti wo tèmi lẹ́yìn tí mo ka ọ̀rọ̀ ìyá Ìsẹ̀. Rọ́bà apá òsì ti ya lójú, mo lè rí inú páìpù. Mo máa ṣe írọ̀ọ̀dù náà lọ́jọ́ Àìkú, kì í ṣe nítorí ìgbọ̀n, nítorí ìdérí ẹnu rẹ̀ ni. Ṣé apá ọ̀tún àti òsì rí bákan náà?

Mẹkáníìkì_Ìkéré

Rárá o, apá ọ̀tún ni kó o ṣọ́. Rọ́bà ọwọ́ ibẹ̀ ń yí, ìdérí kò gbọ́dọ̀ kàn án. Fi àlàfo tó tó káàdì ATM méjì sáàárín wọn. Tó o bá fún bóòtù tán, yí iná dópin kó o jọ̀wọ́ ẹ̀: ó gbọ́dọ̀ padà fúnra rẹ̀, ṣáá! Ṣe é nígbà tí háńdù wà láàárín, ṣe é nígbà tó yí sọ́tùn-ún pátápátá, ṣe é nígbà tó yí sósì. Pa ẹ́ńjìnnì kó o tó ṣe é. Tó bá lọ́ra níbì kan ṣoṣo, má gùn ún jáde, tú u kó o sì fáìlì ìdérí náà sí i.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, tún bóòtù méjèèjì fún. Rọ́bà tuntun máa ń rì.